Ìwé Méjìlá Nínú Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2023. Ìwé 96 ló wà nínú àpótí. 12 ni wọ́n mú.

Orúkọ ìyàwó Jíṣáájú kò sí nínú méjìlá náà. Ìgbà kẹjọ nìyẹn.

Ilé ìwòsàn ńlá ìlú wa ló ni àpótí náà. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn máa ń wá láti òkèèrè, wọ́n á lo ọjọ́ mẹ́fà, aláìsàn méjì lójúmọ́, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tí dókítà ti fọwọ́ sí pé wọ́n nílò rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún dáadáa. Nítorí náà, ẹni mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún tó bá kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ ìwé ni wọ́n ń jẹ́ kó ju orúkọ sínú àpótí, wọ́n á sì mú méjìlá níbẹ̀ láìwò. Ẹni tó bá ṣìkẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún, ó di oṣù mẹ́ta òmíràn. Ẹni tó bá wọlé tí wọn kò mú, ó di oṣù mẹ́ta òmíràn bákan náà.

Jíṣáájú ń ka mítà omi láti ilé dé ilé fún ilé-iṣẹ́ omi. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, pẹ́ńsù méjì àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń ṣí ìdérí mítà ni gbogbo ohun èlò rẹ̀. Kì í kọ "bí ogún". Bí mítà bá wí pé mọ́kàndínlógún àti ìdajì, mọ́kàndínlógún àti ìdajì ló máa kọ. Àdúgbò sọ ọ́ ní Jíṣáájú torí kò sí ìlà tí ẹ máa tò tí ẹ kò ní bá a níwájú. Wọ́n ní àkùkọ ilé rẹ̀ ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Lójúkojú, "ẹ" ni mò ń lò fún un, torí ó tó bí mi lọ́mọ. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, "ó" ni màá lò, kì í ṣe "wọ́n". Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣì í mú mọ́ ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn, tí wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n ṣe.

Ìyàwó rẹ̀ ń gán bọ́tìnnì. Àwọn aránṣọ á rán ṣẹ́ẹ̀tì tán, wọ́n á kó o wá sí pálọ̀ rẹ̀, òun á ya ihò, á dí etí rẹ̀, á gán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Nígbà tí ara rẹ̀ le, ogójì ṣẹ́ẹ̀tì lóòjọ́. Nígbà tí dókítà fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, mẹ́rìndínlógún. Ní oṣù kẹta tí mò ń sọ yìí, márùn-ún, yóò sì fi ẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí èémí rẹ̀ tó balẹ̀. Fáàfù kan nínú ọkàn rẹ̀ ni kò dé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lọ síwájú ń padà sẹ́yìn. Dókítà ní bí wọn kò bá ṣiṣẹ́ abẹ, ọdún méjì, bóyá ọdún méjì àtààbọ̀. Ó sọ ọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Ẹ̀yin náà lè kà á.

Obìnrin náà ló ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣàwàdà. "Gbogbo fáàfù ìgboro ni ọkọ mi mọ̀," á sọ fún àwọn aránṣọ. "Èyí tó wà nílé rẹ̀ ló wá ń jò."

Lọ́jọ́ kejì ìwé kẹjọ, Jíṣáájú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Fóònù ni mò ń tún ṣe. Mo ní oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, ipò kejì láti òkè nínú kíláàsì wa, gíláàsì tó fọ́ ni mo sì ń pààrọ̀. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, kò mú fóònù kankan jáde.

"Ọ̀mọ̀wé," ó ní, "ìṣirò lo kà, àbí irọ́ ni wọ́n pa?"

"Òun ni mo kà, Bàbá."

"Ó dáa. Wọ́n ń mú méjìlá nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ìgbà mẹ́jọ, wọn ò mú tiwa. Àwọn ará ilé ìyàwó mi ní kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ti ní kí n lọ wádìí ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Kí n tó máa wádìí ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojú lásán ni."

Mo fa páálí fóònù kan ya, mo kọ ìlà kan sẹ́yìn rẹ̀. Méjìlá nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ẹyọ kan nínú mẹ́jọ nìyẹn. Kí wọ́n má mú ọ, méje nínú mẹ́jọ. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

"Ojú lásán ni, Bàbá. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọn ò ní mú rárá. Ìyàwó yín kàn wà nínú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yẹn ni."

Ó wo páálí náà pẹ́. "O rí i ni, àbí o rò ó?"

"Mo ṣírò ẹ̀."

"Èmi kì í kọ ohun tí mi ò rí sínú ìwé. Onílé á ní kí n má wulẹ̀ ṣí mítà, pé òun mọ iye tí òun lò. Mi ò gbà á rí."

Mo ní iṣẹ́ nílẹ̀, mo sì fẹ́ kó máa lọ. Mo sọ fún un pé kò sí bí èèyàn ṣe lè rí i, àfi tó bá lè mú ìwé nínú àpótí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Kọ̀ǹpútà nìkan ló lè ṣe ìyẹn, kọ̀ǹpútà kì í sì í ṣe é àfi tí ẹnì kan bá kọ iṣẹ́ náà lé e lórí ní ìlà-ìlà, ní èdè tó gbọ́. Mo rò pé ó ti parí. Ó bi mí pé ibo ni wọ́n ti ń kọ́ èdè yẹn.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà lábẹ́ tábìlì mi, èyí tí oníbàárà gbé sílẹ̀ tí kò padà wá gbé. Mo tẹ ìwé àwọn olùbẹ̀rẹ̀ kan jáde fún un, ogójì ojú ewé. Mo fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó sú u.

Kò sú u. Ní ojoojúmọ́, tó bá ka mítà tán ní agogo méjì, á wá jókòó sí igun ṣọ́ọ̀bù mi. Á kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mítà rẹ̀, á pa á rẹ́, á tún un kọ, kó tó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀, tó yọ ìlà pupa, á ní, "O ò gbọ́, àbí mi ò sọ ọ́ dáadáa?" Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá onílé tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà mi ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi í pé ṣé báńkì ló fẹ́ jà lólè orí afẹ́fẹ́.

"Àpótí ni mo fẹ́ ṣí," ó ní.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ètò rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kó nọ́ńbà kìíní dé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún jọ, kó mú méjìlá láìyàn, kó wò bóyá nọ́ńbà kìíní wà níbẹ̀, kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ, kó kọ àbájáde, kó tún bẹ̀rẹ̀, títí ẹgbàárùn-ún ìgbà. Ó yí kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ mi.

"Ọ̀mọ̀wé, irọ́ lo pa fún mi. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lo wí. Ẹgbàárùn-ún ni mo ṣe, 3,671 ni wọn ò mú. Ó ń lọ sí mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún."

Mo ka ètò náà. Ìlà kẹfà ni àṣìṣe wà.

"Bàbá, ẹ mú ìwé kan, ẹ ka nọ́ńbà orí ẹ̀, ẹ sì dá a padà sínú àpótí kí ẹ tó mú èkejì."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kọ́ nìyẹn ni? Tí mo bá ka mítà tán, mo ń fi í sílẹ̀ níbi tí mo bá a ni."

"Mítà nìyẹn. Èyí ti gbé aláìsàn kan náà lọ sórí tábìlì abẹ lẹ́ẹ̀mejì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nìyẹn. "Ó ga o! Ẹlòmíì ò rí ẹyọ kan, mo ń fún ẹnì kan ní méjì! Wọ́n á ní mo ti gba owó ẹ̀yìn."

Ó tún ìlà kẹfà kọ. Ó dé 3,428. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì kọ márààrún sínú ìwé: kò sí èyí tó jìnnà sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ó pa ìwé náà dé.

"Ojú lásán ni, nígbà náà."

"Mo ti sọ fún yín, Bàbá."

Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lọ sílé, ó sọ fún àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n má dárúkọ ẹnikẹ́ni, pé kò sẹ́ni tó wà nídìí ẹ̀, pé ẹni tó ka ìṣirò ló sọ bẹ́ẹ̀, òun fúnra òun sì ti rí i. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà, ọjọ́ ìwé kẹsàn-án, ó tún jí ṣáájú gbogbo ayé, ó gba nọ́ńbà kìíní, ó ká ìwé rẹ̀ sí mẹ́rin, ó jù ú sínú àpótí. Wọn kò mú un.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ló padà wá. Kò kí mi.

"Ìbéèrè tí mo bi ọ́ ò dáa," ó ní. "Tí mítà ilé kan bá ń lọ sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tuntun á dúró sí iwájú mítà yẹn, á máa gbá a ní ìka. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í wo mítà yẹn nìkan. Gbogbo ojú òpópónà ló máa kà, láti ilé àkọ́kọ́ dé ilé ìkẹyìn. Ibẹ̀ lá ti rí ibi tí páìpù ti bẹ́. Ti ìyàwó mi nìkan ni mo ń wò látọjọ́ yìí. Àwọn tí wọ́n ń mú ńkọ́?"

Ó ṣí ìwé mítà rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, ilé ìwòsàn máa ń lẹ orúkọ méjìlá náà mọ́ ògiri, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹni kọ̀ọ̀kan gbà lórí ìlà láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo nọ́ńbà yẹn. Orúkọ ni gbogbo èèyàn ń wá. Jíṣáájú ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2021, kò ní ìdí kankan fún un, àfi pé nọ́ńbà ni, ó sì wà lójú ògiri.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ìṣirò. Nígbà tó kọ́kọ́ wá bá mi, ìwé yẹn wà lórí itan rẹ̀. Mi ò bi í.

Òun ló kọ ètò kejì. Èmi kàn jókòó ni. Ìgbà mẹ́sàn-án, méjìlá-méjìlá, èèyàn méjìdínláàádọ́fà ni wọ́n ti mú. Tó bá jẹ́ pé ojú lásán ni, ìdajì wọn, bí mẹ́rìnléláàádọ́ta, ló yẹ kó wá láti nọ́ńbà kìíní dé ìkejìdínláàádọ́ta. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣe ìgbà mẹ́sàn-án náà ní ẹgbàárùn-ún ìgbà, kó sì sọ iye tó kéré jù lọ tó rí. Ó kéré jù, mẹ́rìndínlógójì. Kò sí ọ̀kan nínú ẹgbàárùn-ún tó lọ sísàlẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Èyí tó wà nínú ìwé mítà jẹ́ mọ́kàndínlógún.

Láti nọ́ńbà kìíní dé ìkẹwàá, òdo. Wọn kò mú ẹnì kankan rí.

"Kì í ṣe ojú lásán," mo ní.

Ó ti mọ ibi tí páìpù ti bẹ́. Àpótí náà ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Àpótí ẹ̀hónú ni tẹ́lẹ̀. Ẹ SỌ TINÚ YÍN ṣì wà lára rẹ̀ ní ọ̀dà funfun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, ìsàlẹ̀ ni ìwé tirẹ̀ ń lọ, tàwọn tó kù á tò lé e lórí. Lọ́sàn-án, akọ̀wé ìgbìmọ̀ á ṣí ìdérí, á gbo àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì sápá ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mejì sápá òsì. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n di aṣọ mọ́ lójú á wá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò gùn tó àpótí.

A dán an wò. Mo lẹ páálí fóònù pọ̀ di àpótí gíga, a ká ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún sí mẹ́rin, a kọ nọ́ńbà sí wọn, a jù wọ́n sí i bí wọ́n ṣe tò, a gbò ó bí wọ́n ṣe ń gbò ó. Ìwé tí a ká sí mẹ́rin nípọn, wọ́n fún mọ́ra wọn, wọn kò yí. Jíṣáájú di ojú, ó mú méjìlá. Èyí tó kéré jù níbẹ̀ ni nọ́ńbà mọ́kànléláàádọ́ta.

"Ọwọ́ mi ni mo fi ń gbé e síbẹ̀," ó ní. "Ìgbà mẹ́sàn-án."

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ, ìgbìmọ̀ fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yàrá tútù kan ni, ẹ̀rọ amúlétutù, omi inú ike lórí tábìlì. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan tó ní bírò mẹ́ta nínú àpò. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka ohun mìíràn. Jíṣáájú gbé nọ́ńbà rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," akọ̀wé ní. "Ṣé dókítà ni yín?"

"Rárá, sà. Mítà omi ni mò ń kà."

"Mítà omi." Ó wo olórí nọ́ọ̀sì. "Kí ló wá kan mítà omi nínú ọ̀rọ̀ ọkàn?"

"Ọ̀rọ̀ ọkàn kọ́ ni mo bá wá, sà. Ọ̀rọ̀ àpótí ni."

"Ṣé ẹ ń sọ pé a ń ṣe màgòmágó?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ẹ da ìwé sórí tábìlì, kí ẹ fọwọ́ rú u, kí ẹ tó mú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni."

"Bàbá, ọdún mẹ́fà la ti ń lo àpótí yìí. Gbogbo èèyàn ń rí wa bá a ṣe ń gbò ó. Àwọn tí wọ́n mú ò ṣàròyé."

Mo sọ fún un pé àwọn tí wọ́n mú kọ́ ló yẹ kó ṣàròyé. Ó bi mí pé ta ni mí. Mo ní mò ń tún fóònù ṣe. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìgbìmọ̀ yóò gbé e yẹ̀ wò nínú ìpàdé oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀. Oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ ìwé tó kàn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olórí nọ́ọ̀sì ṣí ojú ewé tuntun.

Nílé, ìyàwó Jíṣáájú gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbé ojú kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Méjì lóòjọ́ ló kù tó lè ṣe.

"Wọn ò ní yí àpótí padà," ó ní. "Ìwọ yí àkókò tìẹ padà. Má lọ ní kùtù. Jẹ́ kí èrò lọ síwájú ẹ, kó o wá bọ́ sí bí àádọ́rùn-ún. Kó o sì panu mọ́."

Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ fún un: láti bí ọgọ́rin dé àádọ́rùn-ún, ó tó ẹyọ kan nínú mẹ́ta. Kó sáà má kọjá mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

"Tí mo bá fẹ́ gbẹ̀yìn," ó ní, "ẹnì kan ní láti jẹ́ àkọ́kọ́."

"Kì í ṣe ìwọ lo máa mú un síbẹ̀," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lá gbé e lọ."

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án. A dúró sí òdìkejì títì, lábẹ́ ìbòòrùn ṣọ́ọ̀bù kan tí kò tíì ṣí, a ń ka àwọn tó ń dé. Àkọ́kọ́ tó dé ni obìnrin alágbàfọ̀ kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ihò nínú ọkàn. Ó ti wà lẹ́yìn Jíṣáájú lórí ìlà yẹn nígbà mẹ́fà, nọ́ńbà kejì tàbí ìkẹta. Ó gbé ọmọ náà pọ̀n, torí ọmọ náà kò lè rìn jìnnà. Ó rí wa, ó sì kígbe láti òdìkejì, inú rẹ̀ dùn:

"Bàbá Jíṣáájú! Ẹ̀yin náà pẹ́! Ipò yín dọwọ́ mi lónìí o! Àkùkọ ti gba iṣẹ́ ẹ̀ padà!"

Jíṣáájú rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ etí títì. Mo di apá rẹ̀ mú. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo dì í mú gan-an. Ó yọ ọwọ́ mi kúrò bí ẹni yọ okùn, ó sọdá títì.

Mi ò gbọ́ ohun tó sọ fún un. Mo rí obìnrin náà tó wo àpótí látẹnu géètì, tó wo Jíṣáájú, tó sì kúrò lórí ìlà. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bi í léèrè. Ó sọ fún un. Òun náà kúrò. Láàárín ìdajì wákàtí, ọ̀rọ̀ ti dé ìparí ìlà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ àkọ́kọ́ mọ́.

"Ẹ wọlé!" ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń pariwo. "Kí ló ń ṣe yín? Ìgbà tí mi ò tíì ṣí lẹ ń tì mí lulẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ẹ máa lọ ṣáájú."

"Èmi? Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù, ẹ̀yin lẹ yẹ níwájú."

Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé jáde wá. Jíṣáájú lọ bá a, ó sì bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá, pé kó kàn da ìwé sórí tábìlì lónìí nìkan, gbogbo èèyàn á tò. Akọ̀wé bi ẹ̀ṣọ́ pé ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n nàka sí i. Akọ̀wé ní ẹni tí kò bá fẹ́ tò kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ nìyẹn, ó ní òun á ti géètì ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn tó gbọ́ ìyẹn rọ́ wọlé, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wọnú àpótí kí wọ́n tó ti géètì. Jíṣáájú ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ níta. Obìnrin alágbàfọ̀ wà níta pẹ̀lú, kò lè ti èèyàn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Wọ́n mú méjìlá nínú mọ́kànlélọ́gọ́ta. Láti òkè.

Mo tẹ̀ lé e délé. Ìyàwó rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Nọ́ńbà mélòó?"

"Mi ò jù ú sí i."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà fetí sílẹ̀ dópin.

"O sọ fún un."

"Mo sọ fún un."

"Ọmọ mélòó ló ní?"

"Ẹyọ kan."

Ó mí, ó tún mí. "Ká ní olè ni mo fẹ́," ó ní, "ǹ bá ti gba iṣẹ́ abẹ." Ó ní kó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà fún òun, ihò mẹ́rin ló kù.

Ìyàwó Jíṣáájú kú ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá, ọjọ́ kẹtàlélógún lẹ́yìn ọjọ́ ìwé. Ilé ìwòsàn fi lẹ́tà méjì ránṣẹ́ sí Jíṣáájú. Ti àkọ́kọ́ bá a kẹ́dùn. Ìkejì, tí bírò kan náà fọwọ́ sí, ní kó má ṣe fara hàn lẹ́nu géètì lọ́jọ́ ìwé mọ́, nítorí ó dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀.

Kò bínú sí mi. Ó dá kọ̀ǹpútà padà, ó nu ojú rẹ̀ mọ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣì ń kọ mọ́kàndínlógún àti ìdajì. Àwọn èèyàn ní ó gbà fún àyànmọ́, wọ́n sì ń yìn ín. Èmi ò yìn ín, mi ò sì gbà. Àyànmọ́ kọ́ ló kan àpótí náà ní gíga ju ọwọ́ lọ. Káfíńtà ló kàn án, wọ́n sì ti sọ fún àwọn tó ń lò ó ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ, pẹ̀lú nọ́ńbà. Nínú àwọn mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún wọ̀nyẹn, àwọn tó ń sáré jù, tí ọ̀rọ̀ ń ká lára jù, ni wọ́n ń tò sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, wọ́n sì ń pè é ní oríire àwọn tó kù.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ni ọjọ́ ìwé tó kàn. Ọmọ alágbàfọ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ má kọ̀wé ìbánikẹ́dùn sí mi, ẹ má sì sọ fún mi pé ó dùn yín. Ẹ wá sínú gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn náà ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ẹ dúró síwájú, ẹ sì sọ fún akọ̀wé pé kó da gbogbo ìwé sórí tábìlì, kó fi ọwọ́ méjèèjì rú wọn lójú yín kó tó mú ẹyọ kan. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí á fi ṣe é.